Sẹ́ẹ̀lì Tó Ń Sùn Kì Í Jẹ́rìí

Ọjọ́ tí wọ́n ń wẹ òkú Bàbá wa ní Atíkòrí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wẹ̀ wọ́n yọjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Bàbá pupa, pé àwọn ti fi ọṣẹ àti kànìnkànìn bó o títí, kò ṣí. Ó bi mí bóyá lààlì ni, tàbí ẹ̀jẹ̀. Mo sọ fún un pé aró ni, aró tí wọ́n fi ń rẹ gbòǹgbò àlùbọ́sà kí wọ́n tó wò ó lójú awò. Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi, ó sì padà wọlé. Bí wọ́n ṣe sin Bàbá tòun ti àtàǹpàkò pupa nìyẹn. Mi ò tíì yé ronú sí i, nítorí nínú gbogbo agbo ilé wa, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé àtàǹpàkò yẹn ló sọ òótọ́, èmi ni mo parọ́.

Bàbá Lábù ni gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó ń pè wọ́n. Èmi jẹ́ ọmọ ọmọ wọn, Rọ̀fíátù, ọwọ́ wọn ni mo sì ti dàgbà. Wọn kì í ṣe olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní lábù, yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ló ń fọ ìgò, àwọn ló ń po aró, àwọn ló ń to gbogbo nǹkan sílẹ̀ kí tíṣà tó wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn tíṣà mọ̀ pé tí síláìdì, dígí tí wọ́n ń tẹ́ nǹkan sí kí wọ́n tó wò ó lójú awò, bá dojú rú, Bàbá ló máa tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ilé ẹ̀kọ́ náà fún wọn ní maikirosikóòpù àtijọ́ kan tí wọn ò lò mọ́, irú èyí tó ní dígí kékeré nísàlẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ojú awò rẹ̀ kan ti sán. Bàbá gbé e sórí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa àgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín. Mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá gbé àlùbọ́sà ka ẹnu ife omi títí ó fi yọ gbòǹgbò, wọ́n gé orí gbòǹgbò náà, wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọtí àti ásíìdì kíkan, wọ́n yá a lórí fìtílà díẹ̀, wọ́n fi aró kùn ún, wọ́n sì fi dígí pẹlẹbẹ bò ó. Wọ́n wá ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti nà mí ní ilé-kéwú láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú sì ń bí mi. Mo tẹ̀ ẹ́, dígí fọ́. Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n tún òmíràn ṣe, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọma mi, rọra. Ẹni tó bá fi ìbínú tẹ̀ ẹ́, ìbínú ara rẹ̀ ni yóò rí."

Bàbá ní orúkọ tiwọn fún gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì pín dà bí ẹyin tó dákẹ́ sínú yàrá rẹ̀, wọ́n ní èyí ń sùn. Tó bá jí, ohun inú ẹyin náà á ki, á di okùn wínníwínní, ìyẹn ni Ìdìpọ̀. Àwọn okùn náà á wá tò sí àárín yàrá, ìyẹn ni Ìtò. Okùn kọ̀ọ̀kan á là sí méjì, ìdajì á gba apá kan, ìdajì á gba apá kejì, ìyẹn ni Ìpínyà. Níkẹyìn, ògiri tuntun á yọ láàárín wọn, yàrá kan á sì di méjì. Ìmọgiri ni wọ́n ń pe èyí. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á ní, "Bí ọma bàbá méjì ṣe í pín ulé nì yẹn. Tí ìpín bá gún, ẹnìkan éè gbọ́ ariwo."

Wọ́n burú púpọ̀ lọ́jà. Bàbá kì í ra àlùbọ́sà láìyí i wò nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ibi tí gbòǹgbò ti ń yọ ṣì yè. Wọ́n lè yí ogójì kí wọ́n tó mú mẹ́ta. Obìnrin tó ń ta àlùbọ́sà lọ́jà Atíkòrí kì í gbà fún wọn. Ó máa ń pariwo sí gbogbo ọjà pé, "Bàbá Lábù, ṣé ẹ fẹ́ gbé e níyàwó ni?" Gbogbo ọjà á rẹ́rìn-ín. Bàbá kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ẹni tó fẹ́ mọ àlùbọ́sà, ìdí rẹ̀ ni í wò."

Ohun tí wọ́n sì kà sí jù lọ ni àkókò. Àárọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò máa ń jí láti pín, nígbà tí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀, tí kò sì tíì mú. Ìgbà náà nìkan ni Bàbá máa ń gé e. Tí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, wọ́n á jókòó ti ife àlùbọ́sà, àlejò kò gbọdọ̀ kí wọn títí wọ́n á fi gé e tán. Ìmáàmù wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó dúró títí ẹsẹ̀ ń ro ó, Bàbá kò dáhùn. Nígbà tí wọ́n gé gbòǹgbò tán ni wọ́n tó dáhùn sálámà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò gé e lọ́sàn-án, nígbà tí ara tù wọ́n. Wọ́n ní, "Lọ́sàn-án, wọ́n ti sùn. Wàá wo gbogbo ojú síláìdì, wàá rò pé àlàáfíà ni. Sẹ́ẹ̀lì tó ń sùn kì í jẹ́rìí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn.

Àwọn tíṣà àtijọ́ ló kọ́ Bàbá pé gbòǹgbò àlùbọ́sà máa ń sọ irú omi tó mu. Tí omi bá dára, gbòǹgbò á gùn, á funfun, ìpín inú rẹ̀ á sì gún. Tí májèlé bá wà nínú omi, gbòǹgbò á kúrú, á súnkì, á wọ́. Tí a bá wá wò ó lójú awò ní àkókò Ìpínyà, a máa rí okùn tó kọ̀ tí kò já, tó na ara rẹ̀ tantan láàárín ìdajì méjì tó fẹ́ kúrò lára wọn. Bàbá ń pe ìyẹn ní afárá. A tún máa ń rí èérún okùn tó já sílẹ̀ lọ́nà, tí apá ọ̀tún kò mú, tí apá òsì kò mú. Bàbá kò fún ìyẹn lórúkọ kankan.

Wọ́n dán oríṣiríṣi omi wò. Ìyá wa àgbà jẹ́ ọmọ Òde-Omi, nígbà tí a bá lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀, ìgò ṣófo ló máa ń kún inú àpò Bàbá. Mo rántí ọjọ́ tí a wọ ọkọ̀ ojú omi láti Makun-Omi, tí Bàbá tẹ̀ síwájú láti bu omi ọ̀sà, tí ọkọ̀ fì, tí ọlọ́kọ̀ sì kígbe mọ́ wọn. Nígbà tí a délé, gbòǹgbò tó mu omi náà súnkì. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ṣé májèlé ni àwọn ará ìyá àgbà ń mu? Bàbá tọ́ omi náà wò, wọ́n tutọ́, wọ́n ní kí èmi náà tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Wọ́n ní, "Kí ẹ̀rù èyí má bà ọ́. Iyọ̀ máa ń dárúkọ ara rẹ̀. Èyí tó bá dùn lẹ́nu ni kí o máa ṣọ́."

Kànga agbo ilé wa sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Alájì Lásísì ni àbúrò Bàbá, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, pákó sì ni Alájì ń tà. Lẹ́yìn ilé, Alájì gbẹ́ kòtò gbọọrọ kan, wọ́n tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ pákó sínú oògùn ikán kí wọ́n tó kó o lọ fún oníbàárà. Láti kòtò náà dé ibi kànga kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó máa ń ké létí kànga ló kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti etí. Omi náà mọ́ kedere, àwọn obìnrin ilé sì ń yìn ín pé ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárín ọdún kan náà, oyún méjì bàjẹ́ nínú ilé wa, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti Sìdí, ìyàwó Kamọ́rù ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnikẹ́ni kò so ọ̀rọ̀ náà mọ́ omi. Bàbá lọ sọ́jà, wọ́n ra àlùbọ́sà mẹ́wàá.

Wọ́n gbé márùn-ún ka omi òjò, wọ́n gbé márùn-ún ka omi kànga. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Bàbá fi páànù bo kànga, wọ́n sì fi àgádágodo tì í.

Ariwo ọjọ́ náà dé ojú títì. Alájì dúró sáàárín agbo ilé, ó ní bàbá àwọn ló gbẹ́ kànga náà, omi rẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ gbogbo àwọn dàgbà, ta wá ni yóò tì í? Ó nawọ́ sí Bàbá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ta ní í gba ẹ̀rí ẹni tí í fọ ìgò?" Mo rí i bí ojú Bàbá ṣe yí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ìgò ni mo fọ̀, Lásísì. Ojú mi éè fọ́."

Àwọn àgbà ilé ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ọ̀dọ̀ mi. Mo wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà náà, ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ni mo sì ń kọ́. Wọ́n ní kí n bu omi náà lọ, kí n fi awò òyìnbó tó ń lo iná yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí mo bá sọ ni ilé yóò gbà. Alájì gbà. Bàbá gan-an ló kọ́kọ́ gbà, inú wọn sì dùn gidi. Wọ́n gbé ìgò omi náà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní, "Ọma mi éè ní purọ́ fún mi."

Mo fi omi náà hu gbòǹgbò àlùbọ́sà lórí fèrèsé yàrá mi. Àárọ̀ tó yẹ kí n gé e, mo ní ìdánwò kíláàsì. Aago mẹ́ta kọjá lọ́sàn-án kí n tó gé e. Mo wo síláìdì náà láti etí dé etí, gbogbo wọn ló ń sùn. Mo rí méjì péré tó ń pín, mi ò rí afárá. Mo mọ̀ dáadáa pé kò kà, pé ó yẹ kí n hu òmíràn, kí n sì dúró fún ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni Alájì ń pè mí lórí fóònù pé ó ti rẹ àwọn obìnrin láti máa pọnmi lọ́nà jíjìn. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ojú ń tì mí láti sọ, èmi yóò sì sọ ọ́. Ní kíláàsì wa, ẹni tó ń fọ ìgò ní lábù ni à ń rán níṣẹ́ láìwo ojú rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí awò sísán Bàbá borí awò tèmi.

Mo délé, mo sọ fún gbogbo wọn pé omi náà dára. Alájì ní, "Àlùhámúdùlílàì!" Bàbá kò wò ó. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Aago mélòó lo gé e, ọma mi?"

"Aago mẹ́jọ àárọ̀, Bàbá."

Wọ́n gba síláìdì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lọ sí fèrèsé wọn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé Alájì lọ́wọ́, wọ́n sì fọwọ́ kan èjìká mi. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọma mi."

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń rọ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má mu omi náà. Àwọn obìnrin náà ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní Rọ̀fí tó kàwé ti sọ̀rọ̀.

Ohun tí àwọn ènìyàn yóò fi rántí Bàbá títí ayé ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ Sìdí lórúkọ. Sìdí ti tún lóyún, oyún náà dúró, ó bí Málíkì. Nínú ilé tiwa, lẹ́yìn àdúrà Ìmáàmù, ẹni tó dàgbà jù nínú ilé ló máa ń fa omi kànga fúnra rẹ̀, á fi kan ọmọ náà láhọ́n, a ó sì wí pé omi kì í lọ́tàá. Bàbá ló dàgbà jù. Wọ́n fa omi náà sínú àwo tánganran funfun, wọ́n gbé e wá sáàárín wa. Gbogbo wa ń dúró kí wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́. Wọ́n wo omi náà títí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ Sìdí.

A kì í da omi ìsọmọlórúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá dà á, bí ẹni tó ní kí ọmọ náà padà síbi tó ti wá ni. Sìdí ké, ó di ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Alájì ń pariwo pé wọ́n ti ṣépè fún ọmọ. Kamọ́rù, tí kò gbóhùn sókè sí Bàbá rí láyé rẹ̀, di wọ́n lọ́rùn ọwọ́, ó sì fà wọ́n jáde kúrò láàárín ènìyàn. Bàbá yíjú, wọ́n wá mi láàárín èrò títí wọ́n fi rí mi. Gbólóhùn kan péré lẹ́nu mi ló lè gbà wọ́n sílẹ̀. Bàtà mi ni mo ń wò. Mo gbọ́ ohùn wọn tó ń lọ sẹ́yìn ilé: "Omi éè lọ́tàá, òótọ́ ni. Àwa la lọ́tàá, ó sì ti bọ́ sínú omi."

Alájì fa òmíràn. Òun ló fi kan ọmọ náà láhọ́n.

Oṣù mẹ́ta ni Bàbá tún lò. Kò sí ẹni tó ń bá wọn jẹun. Sìdí máa ń fi aṣọ bo ojú ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bá ń kọjá. Mo ń wá sílé láti Àgọ́-Ìwòyè, mo ń kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ń dá mi lóhùn, wọ́n á sì wò mí bí ẹni tó ń retí nǹkan. Mi ò sọ ọ́. Láàárọ̀ Jímọ̀ kan, a bá wọn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, orí wọn tẹ̀ sórí tábìlì, oòrùn wà nínú dígí kékeré awò náà. Àwọn kan nínú ilé ní omi tí wọ́n dà sílẹ̀ ló padà wá mú wọn.

Ẹ̀yìn ìsìnkú ni mo ṣí àpótí síláìdì wọn. Ìwé kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ gbogbo omi tí wọ́n yẹ̀ wò sí. Mo ṣí i dé ojú ewé ìgbà tí mo mú síláìdì tèmi wá. Ọwọ́ Bàbá tó dúró ṣinṣin ni wọ́n fi kọ ọ́: "Ọ̀sán ló gé e. Ẹ̀rù ló bà á. Mi ò ní dójú tì í láàárín wọn. Yóò padà wá sọ fún mi." Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ gbogbo ìgbà tí mo ti wálé, wọ́n sì kọ ohun kan náà síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Kò tíì sọ." Mẹ́fà ni.

Mo sunkún títí. Mo wá ra àlùbọ́sà, mo yí ìdí rẹ̀ wò. Mo gbé e ka omi kànga. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo gé e, mo jókòó sórí àga Bàbá, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, mo yí dígí sí oòrùn. Mi ò wá a jìnnà. Afárá wà nínú èyí tó wà láàárín gan-an, okùn rẹ̀ nà tantan. Ọ̀kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èérún tí kò sẹ́ni tó mú wà káàkiri.

Ọjọ́ àdúrà ogójì Bàbá, gbogbo ilé péjọ. Omi kànga ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, omi kànga ló wà nínú àwọn ike tí wọ́n gbé síwájú àlejò. Nígbà tí Ìmáàmù ṣe àmín tán, tí Alájì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ èrò, mo dìde. Mo ní, "Ọ̀sán ni mo gé gbòǹgbò yẹn. Mo parọ́ fún yín. Omi yìí kò dára, Bàbá mọ̀, èmi náà mọ̀." Kamọ́rù bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó fi fa Bàbá jáde.

Sìdí ló kọ́kọ́ gbéra. Ó pọn Málíkì, ife ọmọ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi dé ìdajì rẹ̀. Ó rìn láàárín èrò títí ó fi dé iwájú mi. Kò pariwo.

"Àǹtí Rọ̀fí, látọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni mo ti ń fún un. Ẹ̀yin lẹ ní ó dára." Ó wo ife náà, ó tún wò mí. "Èyí tó ti mu ńkọ́?"

Bàbá ní gbólóhùn kan fún gbogbo nǹkan, wọn ò fi ìkankan sílẹ̀ fún èyí. Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì dà á sílẹ̀ níbi tí Bàbá da tiwọn sí.